Ọdún márùn-ún ni àbí mẹ́wàá? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà àtidi ọmọ Ìlú Ọba

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí ìjọba UK ti gbé àbá tuntun jáde lórí ìwé ìgbélùú, ọkàn àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ò balẹ̀, ti àwọn òbí tó ń retí wọn nílé náà ò sì balẹ̀. Ohùn kan á wọlé lórí WhatsApp láàárọ̀ pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń gba ìwé náà ti di mẹ́wàá fún gbogbo ayé. Kó tó di ọ̀sán, òmíràn á ní rárá o, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nígbà tó bá fi máa di alẹ́, ẹnì kan á ní wọ́n ti fagi lé ILR, ìwé ìgbélùú náà gan-an, pátápátá, kí oníkálùkù máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pọ́ńbélé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ apá kan lára àbá ìjọba. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìlérí ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí kò tíì ṣèjọba rí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́ pọ̀ ni pé nǹkan méjì làwọn èèyàn ń kó pọ̀: ILR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú náà láì ní gbèdéke, àti jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè gan-an, èyí tó ń mú páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà UK, wá. Èkíní ni àbá tuntun yìí dá lé lórí. Òfin tó de èkejì ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti sọ pé òun máa fọwọ́ kan ìyẹn náà. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo físà, kò lè dé èkejì láì gba èkíní kọjá. Bí èkíní bá ṣe pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni èkejì náà á ṣe pẹ́ tó.

## Kí ni ILR gan-an, kí ló sì fi yàtọ̀ sí páálí?

Ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ wọ UK, iṣẹ́ tí físà náà bá sọ ló lè ṣe, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó dúró fún un ló sì ti máa ṣe é. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ló sábà máa ń ní láti wá ẹlòmíràn tó máa dúró fún un. Yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti kẹ́à tí wọ́n yọ sílẹ̀, ó tún ń san owó ìlera, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà kan. Wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, gbólóhùn "no recourse to public funds" tí kò sí ẹni tó ti lo físà rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tó bá gba ILR ni gbogbo ìyẹn dópin. Iṣẹ́ tó bá wù ú ló lè ṣe, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè béèrè ìrànwọ́ bó bá ní ìdí. Ṣùgbọ́n àjòjì ṣì ni lójú òfin. Bó bá jáde kúrò ní UK tó sì lo ju ọdún méjì lọ láì padà, ILR náà ti lọ nìyẹn. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà náà ló ṣì ń gbé kiri, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú ẹni tó gbé e máa ń rí ní pápákọ̀ òfurufú.

Ohun kan wà tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: ìbò dídì kò sí lára ìyàtọ̀ náà. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé UK lábẹ́ òfin lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, títí kan ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kódà bí ILR kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún tí kò mọ̀.

Ètò tí àbá yìí bá nílẹ̀ ni pé kéèyàn lo ọdún márùn-ún lórí físà iṣẹ́, kó gba ILR, kó fi ọdún kan sí i, kó tó kọ̀wé láti di ọmọ ìlú. Ó di ọdún mẹ́fà, ká má tíì ka oṣù tí ìwé ń lò lórí tábìlì. Ẹni tó fẹ́ ọmọ UK kì í dúró fún ọdún kan yẹn. Ọjọ́ tó bá ti gba ILR ló lè kọ̀wé, bó bá ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀.

## Báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ká padà sí oṣù kejì ọdún 2022. Àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ní UK wá òṣìṣẹ́ tì, ìjọba sì ṣí físà ìlera sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wá ṣe kẹ́à. Nàìjíríà, India àti Zimbabwe wà lára àwọn tó lo àǹfààní náà jù lọ. Tíṣà, akọ̀wé báńkì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: àwọn kan ta mọ́tò, àwọn kan ta ilẹ̀, àwọn kan sì kó owó ńlá fún agbódegbà, wọ́n wá ń gbé arúgbó lórí ibùsùn ní Leeds àti Birmingham. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn rò sí ọkàn ni pé ọdún márùn-ún kì í ṣe títí ayé.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilẹ̀kùn náà dé. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n fòfin de kíkó ọkọ, aya àti ọmọ lẹ́yìn lórí físà kẹ́à. Ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ kẹ́à tuntun láti òkè òkun dúró. Àmọ́ ẹni tó ti wọlé ti wọlé. Ẹni tó dé ní 2022, ọdún márùn-ún rẹ̀ pé ní 2027. Ẹni tó dé ní 2023, ó di 2028. Ìṣirò yẹn gan-an ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjòjì, fojú bù ú pé bíi mílíọ̀nù 1.6 èèyàn ló máa gba ILR láàárín 2026 sí 2030 bí nǹkan bá lọ bó ṣe ń lọ, àti pé ọdún 2028 ló máa pọ̀ jù, bíi 450,000.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọdún mẹ́wàá síta kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Kemi Badenoch, olórí ẹgbẹ́ Conservative tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní kí ọdún tí wọ́n fi ń gba ILR di mẹ́wàá, kéèyàn sì tún fi ọdún márùn-ún lé e kó tó lè di ọmọ ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ìjọba Labour ti Keir Starmer gbé ìwé ètò tirẹ̀ jáde, ọdún mẹ́wàá náà ló wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Nigel Farage ti ẹgbẹ́ Reform UK ní tí àwọn bá wọlé ìbò, àwọn á fagi lé ILR, kí àjòjì máa tún físà gbà ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ohùn alẹ́ orí WhatsApp yẹn ti wá.

Lẹ́yìn náà ni Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ẹni tí àwọn òbí tiẹ̀ náà ṣí wá láti Pakistan, tú kúlẹ̀kúlẹ̀ àbá Labour síta níwájú ilé aṣòfin ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ó ní kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn lórí rẹ̀, títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2026.

## Ọdún mélòó wá ni?

Mẹ́wàá ni ìpìlẹ̀ nínú àbá Mahmood, ṣùgbọ́n ó lè lọ sókè, ó sì lè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì tó ń jiyàn lórí rẹ̀ fi lè jàre pọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: kéèyàn má ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, kó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele B2 dípò B1 tó rẹlẹ̀ sí i, kó má jẹ ìjọba ní gbèsè, títí kan owó ilé ìwòsàn NHS, kó sì ti máa gba ju £12,570 lọ lọ́dún fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa yọ ọdún tàbí kí wọ́n máa fi kún un.

Ẹni tí owó ọdún rẹ̀ bá dé £125,140 fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á yọ ọdún méje fún un, á ku mẹ́ta. Ẹni tó bá ń gba £50,270, wọ́n á yọ márùn-ún. Mahmood sọ pé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ fún NHS náà lè gbà á ní ọdún márùn-ún. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dé ìpele C1 á jèrè ọdún kan, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú náà lè jèrè tiẹ̀. Àmọ́ èèyàn kò lè máa kó èrè wọ̀nyí lé ara wọn lórí. Èyí tó tóbi jù lọ ni wọ́n á kà fún un.

Apá kejì ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa. Iṣẹ́ tí wọn ò kà sí ìpele yunifásítì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìpìlẹ̀ tiẹ̀, kẹ́à sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún ohun tí kò tó ọdún kan, wọ́n á fi márùn-ún kún tiẹ̀. Bó bá lé ní ọdún kan, mẹ́wàá. Ẹni tó wọlé lọ́nà tí kò bófin mu, tàbí tó fi oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró kọjá ọjọ́ tó wà lórí físà rẹ̀, ìfikún tiẹ̀ lè tó ogún ọdún, àròpọ̀ rẹ̀ á sì di ọgbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan, àpẹẹrẹ lásán. Ìyàwó dé Manchester ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nọ́ọ̀sì ni ní NHS. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ kan náà lórí físà ìyàwó, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Lójú ìlànà ọdún márùn-ún, àwọn méjèèjì á jọ gba ILR ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2027. Lójú àbá tuntun, ìyàwó lè gbà á ní 2027 yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n á ka ti ọkọ lọ́tọ̀. Bí kò bá sí ohun tó yọ ọdún fún un, ó di 2032. Aládùúgbò wọn tó ń ṣe kẹ́à, tó jọ bá wọn wọkọ̀ òfurufú, tiẹ̀ di 2037. Nínú ilé kan, ìyàtọ̀ ọdún márùn-ún; ní àdúgbò kan, mẹ́wàá.

Àwọn tí kò kàn rèé: ẹni tí ILR ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fi físà ọkọ tàbí aya ọmọ UK wọlé, àti àwọn ará Hong Kong tó lo ètò BN(O). Ọdún márùn-ún ni tàwọn méjì ìkẹyìn yìí ṣì jẹ́ nínú àbá náà.

## Ṣé ó lè kan ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà?

Ìbéèrè yìí ni egungun ọ̀rọ̀ náà. Ìdáhùn Home Office ni pé bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tí kò bá tíì gba ILR nígbà tí ìyípadà bá dé, ó kàn án, ìgbà yòówù kó ti wọ ìlú. Ohun tí wọ́n fi síwájú aráàlú ni bóyá ó yẹ kí ìrọ̀rùn wà fún àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ làwọn máa mú un ṣẹ, láti oṣù kẹrin ọdún 2026.

Ó yẹ kéèyàn mọ bí ìyípadà irú èyí ṣe ń di òfin. Ìlànà ILR wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Immigration Rules. Òfin Immigration ti 1971 fún mínísítà lágbára láti yí i padà nípa gbígbé àtúnṣe rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin. Kò pọn dandan kí wọ́n dìbò sí i. Àfi bí wọ́n bá dìde takò ó láàárín ogójì ọjọ́, ó ti dúró nìyẹn. Jíjẹ́ ọmọ ìlú yàtọ̀. Òfin 1981 ló sọ ọdún márùn-ún àti ọdún kan yẹn, àwọn aṣòfin ló sì lè yí i padà. Nítorí náà, ti ILR lè yá bí ìṣẹ́jú akàn, ti ọmọ ìlú á pẹ́ díẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2002, UK dá ètò HSMP sílẹ̀ fún àwọn tó mọṣẹ́ gan-an. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba ILR nígbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ìjọba sọ ọ́ di márùn-ún, nígbà tó sì máa fi di oṣù kọkànlá, wọ́n ti le ìlànà mìíràn mọ́ ọn. Àwọn tó ti ta ilé wọn nílùú wọn wá gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ní 2008 àti ní 2009, ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre pé ẹni tó bá wọlé lábẹ́ ìlérí kan, ìlérí náà ni kí wọ́n mú ṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà dúró lórí ohun tí ìwé ètò HSMP fúnra rẹ̀ sọ kedere. Ṣé ìwé físà iṣẹ́ ti òní náà ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà.

## Kí nìdí tí ìjọba fi ń ṣe é, kí sì làwọn tó lòdì sí i ń sọ?

Ti ìjọba ò gùn. Wọ́n ní iye tó wọlé láàárín ọdún díẹ̀ ti pọ̀ jù, pé bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tí owó wọn kéré bá gba ILR lẹ́ẹ̀kan náà, owó ìrànwọ́ àti ilé ìjọba ò ní gbà á, àti pé ohun téèyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà ló yẹ kí ìgbélùú jẹ́, kì í ṣe ohun tí ọjọ́ pípẹ́ nìkan ń fúnni. Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà wà ńbẹ̀: Reform UK ń lé Labour lọ́wọ́ ọ̀tún nínú ọ̀rọ̀ àjòjì, kò sì sí ẹni tí kò rí i.

Àwọn alátakò ò fẹnu kò sójú kan. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, RCN, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON ní àwọn tí wọ́n bẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é ni wọ́n fẹ́ fìyà jẹ, àti pé ọ̀pọ̀ lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn kan nínú àwọn aṣòfin Labour gan-an ní kí ìjọba yí i padà fún ẹni tó ń bọ̀, kó má fọwọ́ kan ẹni tó ti dé. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lórí èyí gba ju 100,000 ìbuwọ́lùwé lọ, wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀ nílé aṣòfin ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ọwọ́ agbanisíṣẹ́: ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá kan fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ta ló máa gbójú gbóyà sọ fún ọ̀gá náà pé owó òun ò pé?

Owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń san £1,035 fún ìlera lọ́dún, ọdún márùn-ún àfikún jẹ́ £5,175 lórí rẹ̀ nìkan, ká má tíì ka ti ọkọ, aya àti ọmọ.

## Tí ILR bá ti wà lọ́wọ́ mi, kí ló kù?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ibi tí wàhálà parí sí nìyẹn. Ó ku ọjọ́ kíkà, ìdánwò, ìwà àti owó.

Ọjọ́ kíkà ló ń mú èèyàn jù. Láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ tí ìwé rẹ dé Home Office, ọjọ́ tó o fi wà lẹ́yìn odi kò gbọ́dọ̀ ju 450 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju 90 lọ láàárín oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn. Fún ẹni tó fẹ́ ọmọ UK, 270 ni láàárín ọdún mẹ́ta, 90 kan náà sì ni ní ọdún tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tó o gbéra àti ọjọ́ tó o padà kò sí lára rẹ̀. Ẹni tó wá ṣe Kérésìmesì ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó kúrò ní London lọ́jọ́ 12 oṣù kejìlá, tó padà lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣàìsàn tó sì wá jókòó tì í fún oṣù mẹ́rin ní ọdún tó fẹ́ kọ̀wé, ti kọjá 90 nìyẹn. Home Office lè gbójú fo díẹ̀ bí ìdí bá wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe ìdánilójú.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tún wà nínú òfin náà tí kò jọ nǹkan: o gbọ́dọ̀ ti wà nínú UK lọ́jọ́ tí ọdún márùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé rẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2026, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n máa wò. Bó bá jẹ́ pé Èkó lo wà lọ́jọ́ yẹn, á dáa kó o dúró títí di ọjọ́ tí ìṣirò náà bọ́ sí ìgbà tó o ti wọlé. Láti 2022, òfin ti fàyè gba mínísítà láti fojú fo èyí fún ìdí pàtàkì.

Ìdánwò Life in the UK jẹ́ ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, ẹni tó bá gba 18 ti yege, £50 sì ni. Ẹni tó ti ṣe é fún ILR kò ní tún un ṣe. Ní ti èdè, ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì Ìbàdàn ṣì máa fi ẹ̀rí hàn, nítorí Nàìjíríà kò sí lára àwọn ìlú tí Home Office kà sí ìlú elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jẹ́ èsì ìdánwò, ó lè jẹ́ ìwé láti ọ̀dọ̀ Ecctis, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò, tó jẹ́rìí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Ìwà rere tí òfin ń sọ kò mọ sórí olè jíjà. Owó orí tí ẹnì kan ò san wà níbẹ̀, irọ́ tó pa lórí fọ́ọ̀mù físà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2025, ìlànà tún sọ pé ẹni tó bá wọ UK lọ́nà tí kò bófin mu, bó ti wù kó pẹ́ tó, wọn ò sábà ní gbà á mọ́ bí ọmọ ìlú. Wọ́n tún ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì tó ti mọ èèyàn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Nínú owó tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ILR jẹ́ £3,029 lórí ẹnì kan, títí kan ọmọdé. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, £12,116 nìyẹn. Jíjẹ́ ọmọ ìlú jẹ́ £1,735, owó ayẹyẹ ìbúra wà nínú rẹ̀. Ayẹyẹ náà ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: èèyàn á búra ìtẹríba fún Ọba Charles, ní orúkọ Ọlọ́run tàbí láì dárúkọ rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta tí ìwé tí wọ́n fi pè é síbẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá búra kò tíì di ọmọ ìlú, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbà fún un.

## Àwọn ọmọ tá a bí síbẹ̀ ńkọ́?

Títí di òpin ọdún 1982, ọmọ tí wọ́n bá ti bí sí UK jẹ́ ọmọ UK, yàtọ̀ sí ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tó jẹ́ kí Badenoch, tí wọ́n bí sí Wimbledon ní oṣù kìíní ọdún 1980, jẹ́ ọmọ ibẹ̀ láti inú ọmọ ọwọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ló dàgbà sí. Òfin 1981 ti ìyẹn pa. Láti 1983, àfi kí ọ̀kan lára òbí ọmọ náà jẹ́ ọmọ UK tàbí kó ní ILR lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà lórí físà ní ọ̀nà méjì. Bí òbí kan bá gba ILR, wọ́n lè forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ bí ọmọ ìlú kó tó pé 18. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tó bá gbé ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ lè gbà á fúnra rẹ̀, láì ka ohun tó wà lọ́wọ́ òbí sí. Owó rẹ̀ nínú ìkéde 2025 yẹn jẹ́ £1,214, àmọ́ láti 2022, ìdílé tí kò bá rówó náà lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ fún ọmọ. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wá dúró fún àwọn oníkẹ́à, ọmọ á máa di ọmọ UK ní ọdún kẹwàá, ìyá rẹ̀ á sì ṣì wà lórí físà.

## Ṣé màá pàdánù jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà?

Rárá, bó bá jẹ́ pé ìbí lo fi jẹ́ ẹ. Abala 28 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tó di ọmọ Nàìjíríà lọ́nà mìíràn ló máa pàdánù rẹ̀ bó bá gba ti ìlú mìíràn. UK náà ò ní kéèyàn jọ̀wọ́ ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí Badenoch sọ lórí CNN pé òun ò lè fún àwọn ọmọ òun ní ìwé Nàìjíríà nítorí pé obìnrin lòun. Abala 25 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ibi tí obìnrin ti ń rí ìdíwọ́ ni abala 26: àjòjì obìnrin tó fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú, àjòjì ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin Nàìjíríà kò ní àǹfààní yẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irú wọn á fi gbé Nàìjíríà kí abala 27 tó kàn wọ́n. Àwọn tó ń bínú sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti UK kì í sábà rántí èyí.

Páálí méjì ní ẹrù tiẹ̀. Òfin UK gba mínísítà láyè láti gba jíjẹ́ ọmọ ìlú padà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi irọ́ gbà á, tàbí ẹni tí wọ́n bá rí bí ewu fún ìlú, ó sì rọrùn fún wọn jù láti ṣe é sí ẹni tó ní ìlú mìíràn tó lè padà sí.

Èyí tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni pé láti ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2026, ọmọ UK tó ní ìwé ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ fi páálí UK wọkọ̀ òfurufú padà, tàbí kó ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ àtiwọlé (certificate of entitlement) fún ìwé ìrìnnà rẹ̀ kejì. ILR tó ní tẹ́lẹ̀ ti dópin lọ́jọ́ tó búra, kò sì lè fi ìyẹn wọlé mọ́. Ẹni tó búra lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí páálí rẹ̀ kò tíì dé, tó wá fi ti Nàìjíríà wálé ìnáwó, orí káńtà ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà ni wọ́n ti máa sọ fún un pé kò lè wọkọ̀.